Ìdánwò Imú Dídí

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni Ọlánípẹ̀kun fi kọ́ àwọn ọmọ ìlú Òsì ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ya ẹ̀dọ̀fóró àti ìfun sójú pátákó fún wọn títí ìjọba fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kó lọ máa sinmi nílé. Ọjọ́ tó ń bọ̀ wálé, ó gbé pátákó kan dání. Ó ní wọ́n fi ta òun lọ́rẹ ni. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kò tako ọ̀rọ̀ náà, nítorí pátákó ọ̀hún ti là láàárín, àti pé ẹni tó bá bá Tíṣà Ọlánípẹ̀kun jiyàn láàárọ̀, oúnjẹ ọ̀sán onítọ̀hún ti di ti alẹ́ nìyẹn.

Láti ìgbà náà ni pátákó ti fẹ̀yìn ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ láìníṣẹ́, bí ẹni tó gbé e wálé náà ti wà láìníṣẹ́. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ ti gbọ́ gbogbo ohun tó mọ̀ tán. Àwọn ọmọ wọn wà ní Ìlọrin àti Àbújá. Bó bá pè wọ́n lórí fóònù láti ṣàlàyé nǹkan fún wọn, nẹ́tíwọ̀kì a máa já níbi tí àlàyé bá ti ń dùn, kò sì rọrùn láti mọ̀ bóyá nẹ́tíwọ̀kì ló já a ni tàbí ọmọ. Nínú oṣù kìíní ọdún yìí ni àìsàn kan wá fún un níṣẹ́.

Ibi ìsìnkú ìyá ìyàwó Lásárù ní Ọbọ-Ilé ni Ọlánípẹ̀kun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti kó o. Lazarus ni wọ́n kọ sínú ìwé ìrìbọmi ọkùnrin yìí, ṣùgbọ́n Lásárù ni gbogbo ìlú ń pè é. Àgbẹ̀ oníṣu àti oníkajú ni, ọ̀rẹ́ Ọlánípẹ̀kun ni láti kékeré. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣèrìbọmi fún àwọn méjèèjì, láti ọjọ́ náà ni ẹnu wọn kò sì ti kò lórí ohunkóhun mọ́. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́jọ́ ìsìnkú. Eruku bo ilé, ó bo pósí, ó bo ìrẹsì. Àwọn ọmọ olóòkú tó ti ìlú ńlá wá ń wúkọ́ sára wọn nínú aṣọ olówó iyebíye. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Ṣubúọlá, ẹ̀gbọ́n Ọlánípẹ̀kun obìnrin, opó tí òun àti àbúrò rẹ̀ jọ ń gbé agboolé kan náà, ní kí awakọ̀ ti gbogbo fèrèsé nítorí gèlè òun. Báyìí ni èèyàn mẹ́rìnlá ṣe mí èémí ara wọn láti Ọbọ-Ilé dé Òsì.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, imú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣomi. Ọ̀sẹ̀ kò tíì parí tí omi fi di ọbẹ̀. Wọ́n ní ohun tó bá ojú ló bá imú, ṣùgbọ́n ti Ọlánípẹ̀kun ju ojú òun imú lọ. Iwájú orí rẹ̀ wúwo bí ẹni ru ìkòkò omi, egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń dùn ún, eyín òkè ń dùn ún, bó bá sì tẹrí ba láti wọ bàtà, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú agbárí rẹ̀. Ohun tó ń fọn sí hańkáṣíìfù ti di àwọ̀ ewédú. Òórùn kò sì wọ imú rẹ̀ mọ́ rárá. Lọ́jọ́ kan, ẹja jóná mọ́ ìkòkò lórí iná Àbẹ̀bí, aládùúgbò ló sáré wọlé wá sọ fún wọn. Ọlánípẹ̀kun wà nínú èéfín náà tó ń ka Bíbélì ní tirẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó lọ sí ìsọ̀ oògùn Àlímì ní ìkòríta. Ọmọ Ìlọrin ni Àlímì, oníwà pẹ̀lẹ́ ni. Àìsàn tí o bá ní ó ń ṣe ọ́ ló gbà pé ó ń ṣe ọ́, oògùn tí o bá sì nàka sí ló gbà pé ó yẹ ọ́. Ọlánípẹ̀kun ní kó fún òun ní kápúsù tó ń pa kòkòrò, kó má ṣe fún òun ní ti ọmọdé, kó mú èyí tó le jù wá. Àlímì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sókè ni Lásárù wọlé, tí imú tirẹ̀ náà pọ́n bí ata, tó ń béèrè bámù tí wọ́n fi ń pa àyà.

Lásárù wo kápúsù náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Ó béèrè pé oògùn tí kò korò, kí ló fẹ́ bá àìsàn sọ? Ó ní ní tòun, òun ti se ewé ẹfirín àti ewé ọsàn sínú ìkòkò, òun yóò máa fi aṣọ ìbora borí, òun yóò máa fa ooru rẹ̀ símú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn náà òun yóò mu atare tí òun rẹ sínú ògógóró. Ó ní kòkòrò tí kò bá gbọ́ ti ooru, yóò gbọ́ ti ògógóró.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n wà nígbà tí Ṣubúọlá dé láti ra parasítámọ́ọ̀. Òun náà ti ń fọn ikun láti ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kò dá ara rẹ̀ lóògùn. Ó ti lọ bá nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ó wá ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì sọ. Inú egungun iwájú orí àti ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn, ihò wà níbẹ̀ bíi yàrá kéékèèké tí ilẹ̀kùn wọn ṣí sínú imú. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ni, ilẹ̀kùn a wú, a sì tì. Ohun tó yẹ kó ṣàn jáde a sé mọ́ inú yàrá, ìyẹn ló ń fọ́ni lórí. Ó ní nọ́ọ̀sì sọ pé nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá ṣe, bóyá ni ẹyọ kan máa nílò kápúsù. Kí àgbàlagbà máa lo parasítámọ́ọ̀ bí orí bá ń fọ́, kó máa fi omi oníyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ imú, omi tí a ti sè, kì í ṣe omi kànga lásán. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, yóò lọ. Ṣùgbọ́n bí ibà bá gorí rẹ̀, bí ojú bá wú, tàbí bó bá ti ń lọ tó tún padà wá, kí ẹni náà tètè sáré wá.

"Kí wọ́n máa da omi síhò imú," ni Lásárù wí. "Ẹja ni wọ́n?"

Ọlánípẹ̀kun kò rẹ́rìn-ín. Ohun kan ti jí nínú rẹ̀. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i pé àìsàn kan náà ló ń ṣe wọ́n, ibì kan náà ni wọ́n ti kó o, ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, oògùn wọn nìkan ló yàtọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ kẹ́yìn. Ó ní kí àwọn yéé fi ẹnu jiyàn, kí àwọn dán an wò. Kí kálukú mú oògùn tirẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́wàá láìyà sí ti ẹlòmíràn. Láràárọ̀ lẹ́yìn àdúrà, kí wọ́n pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun, kí kálukú fún orí fífọ́ rẹ̀ ní máàkì, òdo sí mẹ́wàá, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òdo ló borí.

Lásárù béèrè ohun tí ẹni tó bá borí máa jẹ.

Wọ́n rò ó títí. Ṣubúọlá ló mú àbá wá: kí wọ́n máa pe ẹni náà ní Dókítà títí di Àjíǹde, ní ilé, ní ọ̀nà, àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú àwọn ọkùnrin méjèèjì tàn. Àlímì fi ọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ó sì ta ọjà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ọjọ́ náà gan-an ni Ọlánípẹ̀kun nu eruku ara pátákó. Ó fa ìlà, ó kọ orúkọ mẹ́ta, ó kọ oògùn kálukú sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó tún ṣí ààyè fún àwọ̀ ohun tí kálukú ń fọn: funfun, ìyeyè, ewédú, àti ìkẹrin tó pè ní "ẹ má bi mí." Ṣùgbọ́n eruku ẹfun mú un sín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ní kí Àbẹ̀bí máa bá wọn kọ ọ́. Àbẹ̀bí wá láti ilé ìdáná, ó fi ìró nu ọwọ́, ó gba ẹfun. Nígbà tí òun náà sín lẹ́ẹ̀mejì láàárín orúkọ Lásárù, ọkọ rẹ̀ sọ fún un pé kó ṣe pẹ̀lẹ́, kó má baà pa ìdánwò rẹ́.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọjọ́ kìíní, máàkì Ọlánípẹ̀kun jẹ́ mẹ́jọ, ti Lásárù mẹ́jọ, ti Ṣubúọlá méje.

Ìtọ́jú Ṣubúọlá ló kọ́kọ́ da àdúgbò rú. Ó gba ike kékeré kan tí ó ní ẹnu ṣóńṣó lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà iwájú ilé, a dorí kọ ẹ̀gbẹ́, a da omi oníyọ̀ sí ihò imú ọ̀tún, omi a sì máa jáde ní ti òsì bí ẹ̀rọ omi ìjọba tó ṣèèṣì ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì, Elijah, kátíkíìsì ìjọ wọn, ń bọ̀ wá kí wọn. Bó ṣe yọ sí ìyá àgbà tí omi ń jáde nímú rẹ̀, ó dúró, ó yí kẹ̀kẹ́ padà, ó sì fi orúkọ rẹ̀ sínú àdúrà ìpàdé ìrọ̀lẹ́ láìsọ ìdí.

Ti Lásárù kò ní àríyànjiyàn, ó kàn ní ìjàǹbá ni. Yóò gbé ìkòkò tó ń hó sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò fi aṣọ ìbora bo gbogbo ara, yóò sì máa kùn nínú ibẹ̀, débi pé àwọn ewúrẹ́ kò gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá mọ́. Lọ́jọ́ kẹta ó sín nínú aṣọ náà, ìkòkò fì, omi gbígbóná dà sí i nítan. Ó jó o débi tó fi ń rìn bí ẹni tó ń gun ẹṣin. Ó ní ooru náà ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ọlánípẹ̀kun nìkan ló ń mu oògùn rẹ̀ bí ọmọlúàbí, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Àmọ́ láti ọjọ́ kẹta ni inú rẹ̀ ti ń ru. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti mọ iye ìṣísẹ̀ tó wà láti àga rẹ̀ dé ilé ìyàgbẹ́, mọ́kàndínlógún ni bó bá rọra rìn, mọ́kànlá ni bí ọ̀rọ̀ bá le. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, nítorí pátákó kò ní ààyè fún ìgbẹ́ gbuuru. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó kó kápúsù tó kù sínú agolo tíì, ó gbé e sẹ́yìn àwọn ìwé, ó sì ń gbé omi mì lásán níwájú àwọn èèyàn bó bá ti tó àkókò.

Ó wá ṣe ohun ìyanu fún un pé orí rẹ̀ ń fúyẹ́ síi. Mẹ́jọ di mẹ́fà, mẹ́fà di mẹ́rin. Ó dá ara rẹ̀ lóhùn pé kápúsù tó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ló ṣì ń bá ogun lọ. Ti Ṣubúọlá náà ń lọ sílẹ̀, ó sì ń sọ pé lẹ́yìn tí òun bá fọ imú tán, òun a mí dáadáa fún wákàtí kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n ti Lásárù ló sáré jù. Ní ọjọ́ karùn-ún ó ní méjì. Ní ọjọ́ kẹfà, ó fọwọ́ gbá àyà, ó ní kí Àbẹ̀bí kọ òdo, òdo ńlá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìpàdé ẹ̀kọ́ Bíbélì. Elijah kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ náà, ó kàn gbọ́ tí wọ́n ń pe Lásárù ní Dókítà, tí inú gbogbo èèyàn sì ń dùn ni. Ó ní kí Dókítà Lásárù bá wọn ka orí kejì ìwé Jákọ́bù. Lásárù dìde, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ún, ó tún nu ún, ó kà á bí ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé. Ọlánípẹ̀kun jókòó sẹ́yìn, ó ń bá ìgbéraga ara rẹ̀ jà. Ó ṣàkíyèsí pé ọ̀rẹ́ òun ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ imú ọ̀tún bó ṣe ń kàwé. Ó rò pé fáàrí ni.

Ní ọjọ́ kẹjọ, Ọlánípẹ̀kun jí, orí rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Òórùn ẹ̀wà tó ń jóná láti ilé kejì wọ imú rẹ̀, ó dùn mọ́ ọn bíi tùràrí. Ó pe Àbẹ̀bí kó wá kọ òdo fún òun. Ṣubúọlá ti gba òdo tirẹ̀ lánàá. Àbẹ̀bí kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kò fi ẹfun sílẹ̀.

"Bàbá Adéṣọlá, orúkọ kan ṣẹ́kù," ló wí.

"Ta ni?"

Àbẹ̀bí fa ìlà tuntun sí ìsàlẹ̀. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Níbi tí àwọn yòókù kọ oògùn sí, ó kọ "iṣẹ́ ilé." Lẹ́yìn náà ló to máàkì ọjọ́ mẹ́jọ láìwo ìwé kankan: méje, méje, méje, márùn-ún, mẹ́rin, méjì, ẹyọ kan, òdo.

Ọlánípẹ̀kun wo pátákó, ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó béèrè ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àbẹ̀bí ní ọjọ́ tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ náà ni, ṣebí ọkọ̀ kan náà ni àwọn jọ wọ̀ láti Ọbọ-Ilé. Ó ní òun ń fi èédú fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná láràárọ̀ bí wọ́n ti ń ka tiwọn síta. Ó ní òun kò lo nǹkan kan, nítorí òun ló ń se omi oníyọ̀ Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń se omi mímu tiwọn, nígbà tí aṣọ sì tún ń pọ̀ láti fọ̀, kò sí ààyè.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún yín ní ọjọ́ kejì. Ẹ ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé ohùn mi ń ta yín lórí."

Ọlánípẹ̀kun jókòó. Ó rántí ẹja tó jóná. Ó rántí bí Àbẹ̀bí ṣe sín láàárín orúkọ Lásárù. Lọ́dọọdún fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló ń gbin ẹ̀wà sínú agolo méjì níwájú àwọn ọmọ, tó ń bu ajílẹ̀ sí ọ̀kan tí kì í bu nǹkan kan sí èkejì, tó sì ń pariwo mọ́ wọn pé bí kò bá sí agolo kejì, ẹ kò mọ nǹkan kan, ajílẹ̀ lè má ṣe nǹkan kan. Agolo kejì rèé nínú ilé rẹ̀, ó ń rìn, ó ń se ọbẹ̀ fún un. Ìtìjú rẹ̀ pín sí méjì, ti olùkọ́ àti ti ọkọ, kò sì mọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ tì í. Ẹ̀yìn ìyẹn ló ní kí ìyàwó rẹ̀ jókòó. Àbẹ̀bí ní òun kò lè jókòó, iṣu wà lórí iná.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ọlánípẹ̀kun pinnu láti lọ sọ fún Lásárù pé ìdánwò ti fọ́. Kí ó tó wọ bàtà tán ni Ìyá Àyànfẹ́, ìyàwó Lásárù, dé láìwé gèlè. Ó ní kí wọ́n wá wo ọkùnrin òun.

Lásárù wà lórí ibùsùn, ara rẹ̀ gbóná bí ògiri tí oòrùn pa. Ìpéǹpéjú ọ̀tún rẹ̀ wú, ó pọ́n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ẹyin ojú tán. Ó ní ẹ̀fọn ló jẹ òun. Ìyàwó rẹ̀ ní kò sí ẹ̀fọn tó ń jẹ èèyàn tí onítọ̀hún á fi máa gbọ̀n láti ọjọ́bọ̀. Gbogbo ohun tí Ṣubúọlá kà fún wọn ní ìsọ̀ Àlímì padà sí Ọlánípẹ̀kun létí: bí ibà bá gorí rẹ̀, bí ojú bá wú, bó bá ti ń lọ tó tún padà wá. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù náà sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sáré lọ sílé. Ó fa agolo tíì yọ láti ẹ̀yìn àwọn ìwé, ó kó kápúsù tó ṣẹ́kù sọ́wọ́. Àbẹ̀bí pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọwọ́ náà mú.

"Ẹ má fún un. Mo ti pe Fúnkẹ́."

Orí ọ̀kadà ni nọ́ọ̀sì Fúnkẹ́ bá dé. Òun náà ti jókòó níwájú pátákó Tíṣà rí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà kò kí ẹnikẹ́ni pẹ́. Ó wọn ibà ara Lásárù. Ó ní kó máa fi ojú tẹ̀ lé ìka òun. Ojú ọ̀tún náà kò lè yí dáadáa. Ó bi í bóyá ó ń rí nǹkan kan ní méjì. Lásárù ní òun rí nọ́ọ̀sì méjì, àwọn méjèèjì sì ń fajúro. Fúnkẹ́ ní kí wọ́n wá takisí nísinsìnyí, ilé ìwòsàn ńlá ni, kì í ṣe ọ̀la, kì í ṣe ẹ̀yìn oúnjẹ.

Bí wọ́n ṣe ń dúró de takisí ní iwájú ilé, Ọlánípẹ̀kun kò lè pa á mọ́ra. Ó béèrè pé nínú àwọn mẹ́ta, oògùn ta ló ṣiṣẹ́ gan-an.

"Tíṣà, sà, kò sí," ni Fúnkẹ́ dáhùn. "Ara yín ló wo ara rẹ̀ sàn. Iyọ̀ jẹ́ kí Màmá mí díẹ̀, parasítámọ́ọ̀ jẹ́ kí orí wọn rọlẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kápúsù tiyín, ìgbẹ́ gbuuru ló fún yín."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyàwó yín ló wá gba iyọ̀ àti ṣúgà inú pálí lọ́dọ̀ wa, tí wọ́n ń pò fún yín."

Ọlánípẹ̀kun rántí omi dídùn kan tí Àbẹ̀bí ń gbé fún un láti ọjọ́ kẹrin. Ó ti rò pé omi ọsàn ni, ó tilẹ̀ ti ṣàròyé pé ọsàn náà kò dùn tó. Fúnkẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ní ti Bàbá Lásárù ló yàtọ̀, pé kòkòrò mìíràn ti jókòó sínú yàrá tó tì náà, ó sì ti ń wá ọ̀nà sí ojú. Ó ní irú ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe kápúsù àti abẹ́rẹ́ fún, ṣùgbọ́n dókítà ló ń yan èyí tó bá a mu, ìdajì tó ṣẹ́kù nínú agolo kò lè ṣe é.

Ọlánípẹ̀kun àti Àbẹ̀bí bá wọn lọ sí Ọ̀mù-Àrán, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá náà wà. Lásárù jókòó sáàárín ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti Ìyá Àyànfẹ́, ó fi aṣọ tútù bo ojú. Nígbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí kòtò, ó ké ìrora, lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láti abẹ́ aṣọ.

"Irọ́ ni mo ń pa láti ọjọ́ kẹrin. Orí yẹn kò fìgbà kan wálẹ̀ ju mẹ́rin lọ."

Ọlánípẹ̀kun bi í pé kí ló dé.

"Wọ́n ń pe ìwọ ní Tíṣà láti ogójì ọdún. Èmi, Lásárù ni wọ́n ń pè mí ṣáá, ẹni tó kú tó tún jí. Mo fẹ́ kí wọ́n fi nǹkan mìíràn pè mí."

Ọlánípẹ̀kun náà jẹ́wọ́ ti agolo tíì, ó jẹ́wọ́ pé ọjọ́ márùn-ún ni òun fi ń gbé omi lásán mì. Ó tún fẹ́ sọ pé òun rí i nígbà tí ọ̀rẹ́ òun ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ imú nínú ìpàdé, òun kò sì béèrè. Ó di ọwọ́ Lásárù mú dípò rẹ̀, ọwọ́ náà gbóná, kò sì fi í sílẹ̀ títí wọ́n fi dé.

Dókítà obìnrin kan tí kò tíì tó ọmọ Ọlánípẹ̀kun lọ́jọ́ orí ló gbà wọ́n wọlé. Wọ́n yàwòrán inú orí Lásárù, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n ń gún un lábẹ́rẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́. Dókítà ní bí wọ́n bá tún fi ọjọ́ méjì falẹ̀, ojú náà ì bá ti lọ. Ní ọjọ́ kẹta, ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Elijah wá kí i lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òróró àdúrà. Bó ṣe wọ ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ló kígbe pé, "Dókítà, ẹ kú ewu." Dókítà mẹ́ta ló yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà. Lásárù pa ojú tó dára dé, ó ṣe bí ẹni tó sùn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún pè é bẹ́ẹ̀, òun náà kò sì béèrè.

Ọlánípẹ̀kun àti Àbẹ̀bí ti padà sí Òsì ní tiwọn. Àárẹ̀ wá kọ lu Àbẹ̀bí lẹ́yìn gbogbo wàhálà náà, ọkọ rẹ̀ sì ní kó lọ dùbúlẹ̀, òun yóò dáná. Ó wọ ilé ìdáná. Ó wá ìṣáná títí, ó padà lọ bi í. Ó wá iyọ̀, ó tún padà lọ bi í. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta tó yọjú sí yàrá, Àbẹ̀bí sọ fún un láìlajú pé gààrí wà nínú garawa aláwọ̀ búlúù. Ẹ̀bà tó tẹ̀ ní kókó nínú bí ẹni da ẹ̀pà sí i. Wọ́n jọ jẹ ẹ́. Ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, ó bi í bóyá orí ṣì ń fọ́ ọ. Àbẹ̀bí ní rárá, pé ẹ̀yìn ló ń ro òun, ó sì ti ń ro òun láti oṣù kẹwàá. Ọlánípẹ̀kun ṣí ẹnu láti ṣàlàyé bí egungun ẹ̀yìn ṣe wà. Ó pa á dé. Ó ní kó sọ ibi tó ń ro ó fún òun.

Ọjọ́ kẹsàn-án tó wọ ilé ìwòsàn ni wọ́n dá Lásárù sílẹ̀. Ó rù, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì kéré díẹ̀ ju ti òsì lọ, ṣùgbọ́n ó ń rí nǹkan ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, òun àti ìyàwó rẹ̀ wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ṣubúọlá náà wà níbẹ̀, ó gbé ike rẹ̀ dání nítorí eruku. Bí wọ́n ṣe jókòó ni Lásárù bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti rò ó dáadáa lórí ibùsùn, pé ohun tí ilé ìwòsàn ṣe dára, òun kò sọ pé kò dára, ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ti ògógóró àti atare tó ti kọ́kọ́ di kòkòrò náà lọ́wọ́ mú, wọn kì bá bá òun láàyè. Ìyá Àyànfẹ́ gbé ojú sókè ọ̀run. Ọlánípẹ̀kun gbé síbí rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó lóòró, ó ti na ìka sókè bí ẹni tó fẹ́ pe kíláàsì.

"Bàbá Adéṣọlá," ni Àbẹ̀bí ké láti ilé ìdáná, "ẹ wá gbé ìkòkò yìí kalẹ̀ fún mi."

Ó dìde, ó lọ gbé e.